Sílébù 8 ni, 11 ni mò ń kà: ìrírí mi pẹ̀lú Sanskrit lórí Zoom

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi há àṣìṣe sórí, mo sì tún sanwó lé e. Pọ́ùn 15 lóṣù, 60 lápapọ̀, fún kíláàsì orí Zoom kan tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ké Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ní Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà. Lẹ́yìn èyí ni mo wá ná 120 mìíràn láti tú ohun tí 60 yẹn dì sí mi lẹ́nu. Inú ṣì ń bí mi. Síbẹ̀, mo lè ké orí 12 báyìí láti ẹsẹ kìíní dé ogún láìwòwé, mo sì ń fi yangàn.

Leicester ni mò ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá àgbà ọmọ Gujarat ní Íńdíà. Ba ni àwọn ọmọ wọn ń pè wọ́n, ìyẹn ìyá ní èdè wọn, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Kampala ni wọ́n wà kí Idi Amin tó lé àwọn ará Éṣíà kúrò ní Uganda lọ́dún 1972. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sá wá nígbà náà ló fìdí kalẹ̀ sí Leicester. Láràárọ̀, bí mo bá ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ẹsẹ̀ Ba, wọ́n á dijú, wọ́n á máa ké Gita wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó máa ń rán mi létí ìyá bàbá mi ní Ìkirè, bí wọ́n bá ń ki wá ní oríkì tí kò sí ìwé kankan níwájú wọn. Ọmọ ìjọ ni mí, n kò sì yí ẹ̀sìn padà. Ọjọ́ tí mo béèrè ìtumọ̀ ìlà kan, tí Ba ní ó ń sọ nípa ẹni tí kì í kórìíra ẹ̀dá kankan, tó jẹ́ ọ̀rẹ́, tó láàánú, ló ti wù mí kí n lè bá wọn gbè é.

Wíwá kíláàsì kò le. Wọ́n pọ̀ lọ jàra lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ gbowó. Gita ní orí 18 àti ẹsẹ 700, ṣùgbọ́n orí 12 ni kíláàsì wa fi bẹ̀rẹ̀ torí pé ó kúrú. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní Íńdíà, aago kan ọ̀sán lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù. Íńdíà kì í yí aago, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń yí i, nítorí náà ní ìparí oṣù Kẹta mo wọlé ní aago kan, n kò bá ẹnì kankan. Aago méjì ni ó ti dì. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà kò ní ìyọnu yẹn, aago méjì ọ̀sán ni tirẹ̀ yípo ọdún.

A tó ọgọ́ta nínú kíláàsì. Olùkọ́ á ké ìlà kan lẹ́ẹ̀kan, àwa á tún un ké lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pa gbohùngbohùn gbogbo wa. Ìdí wà fún un: ohùn kì í rin ìrìn kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ọgọ́ta ènìyàn bá ń ké pọ̀, ariwo lásán ni yóò dà. Mo gba ìyẹn. Ohun tí n kò lè gbà ni pé fún oṣù mẹ́rin, etí èèyàn kankan kò gbọ́ ohùn mi, wọ́n sì ń gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ mi.

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tún wá burú jù. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì kankan. Ẹni tó ń ka Yorùbá mọ ohun tí mò ń wí. Kọ “oko” sílẹ̀ láìsí àmì, kí o ní kí àlejò kà á: ṣé oko ni, àbí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, òkò? Bákan náà ni Sanskrit. Bala ni agbára, bāla ni ọmọdé. Nínú ìwé tiwa, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Kara ni ọwọ́, khara ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé h yẹn èémí ni, pé ó gbọ́dọ̀ fẹ́ jáde.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹrin, mo ní kí Ba gbọ́ mi. Mo ti fi pamọ́ fún wọn látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn. Ẹsẹ 13, èyí tí wọ́n túmọ̀ fún mi, ni mo gbé. N kò tíì parí ìlà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gbé ọwọ́ sókè. “Dikri,” ìyẹn ọmọbìnrin mi, “kí lò ń ké?” Wọn kò mọ̀ pé Gita ni. Ẹsẹ tí wọ́n ń ké láti kékeré, láti ẹnu mi, wọn kò dá a mọ̀.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni kíláàsì. Wọ́n ní kí n máa tẹ̀ síwájú, pé yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré kí olùkọ́ gbọ́ mi. Wọ́n ní a ti pọ̀ jù. Mo bá kúrò.

Olùkọ́ tí mo wá rí, àgbàlagbà kan ní ìlú Pune ní Íńdíà, ìdajì wákàtí ni ẹ̀kọ́ wọn, pọ́ùn 10 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà méjìlá. Wọ́n ní kí n ké ìlà tí Ba dá dúró yẹn, kí n máa fi ìka kà á. Ẹsẹ irú èyí ní sílébù 32, mẹ́jọ-mẹ́jọ lọ́nà mẹ́rin. Adveṣṭā sarvabhūtānāṃ: ad, veṣ, ṭā, sar, va, bhū, tā, nāṃ. Mẹ́jọ. Èmi bẹ̀rẹ̀: a, di, ve, ṣi, ta, sa, ri, va, bu, ta... Ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, ọ̀rọ̀ kò tán. Mọ́kànlá ni mò ń kà.

Ẹnu Yorùbá ló ṣe é. Ẹnu wa kì í gbà kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kanra láìfi fáwẹ̀lì là wọ́n. Bí a ṣe sọ “bread” di búrẹ́dì nìyẹn, tí a sọ “flower” di fúláwà. Mo ti ṣe é fún gbogbo orí náà, ogún ẹsẹ, ó sì ti wọ̀ mí lára.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo lò lórí ìyẹn nìkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ohun kékeré ni. Ohun tuntun rọrùn láti kọ́ ju èyí tó ti mọ́ ẹnu láti tú. Ọgbọ́n tí olùkọ́ mi fún mi ni pé kí n ti ilẹ̀kùn lórí ìka kan kí n tó ṣí i lórí èkejì: kí n sọ “ad”, kí n fi ahọ́n dí i pa, kí èémí má yọ, kí n tó lọ sí “veṣ”. Mo ń ṣe é nídìí àwo fífọ̀, mo ń ṣe é nínú bọ́ọ̀sì. Lálẹ́ tó bá ti rẹ̀ mí, “di” náà á tún yọjú, omi á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ohun tó là á ni kíkọ́ Devanagari, àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ Sanskrit ní Íńdíà. Níbẹ̀, bí kọ́ńsónáǹtì méjì bá pàdé, wọ́n máa ń so wọ́n pọ̀ di lẹ́tà kan: ṣ àti ṭ di ष्ट. Ojú mi rí i pé kò sí àyè láàárín wọn, ẹnu mi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí gbà. Èmi tí mo ti ń sá fún lẹ́tà wọ̀nyẹn láti ọjọ́ kìíní!

Nínú ìwé alámì tí olùkọ́ fún mi, ṣ tiwa wà níbẹ̀ tòun ti àmì abẹ́ rẹ̀, bí ẹni rí ará ilé lójú àjò. Ìlà tó wà lórí ā ló ṣì mí lọ́nà: ohùn àárín ni mo rò pé ó ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ sì ni gígùn ni. Mo ń gbé ohùn sókè sódò, olùkọ́ ní kí n yéé kọrin. Wọ́n ní ohùn mẹ́ta wà lóòótọ́ nínú kíké Veda, ìyẹn àwọn ìwé mímọ́ Híńdù tó pẹ́ jù lọ: òkè, ìsàlẹ̀, àti èyí tó ń yí láti òkè wálẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fi wọ́n ké Gita. Èyí dùn mọ́ mi. Lọ́dún 2008, kíké Veda àti Ifá wa jọ wọ inú àkọsílẹ̀ UNESCO ti àwọn àṣà tó yẹ kí aráyé dáàbò bò.

Bí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan ni màá bi wọ́n kí n tó sanwó: ta ni yóò gbọ́ mi, lẹ́ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀? Màá gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. N kò ní fọwọ́ kan ìwé tí kò lámì. N kò sì ní fi ohunkóhun pamọ́ fún Ba, ẹni tí mò ń wẹ ẹsẹ̀ wọn láràárọ̀ fún oṣù mẹ́rin tí mo ń ṣi í kọ́, tí ì bá ti tún mi ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Nínú oṣù Kẹjọ mo tún gbé ẹsẹ 13 níwájú wọn. Mo dé “veṣ”, Ba ti gbà á lẹ́nu mi, a jọ ké e dé ẹsẹ 20, ọwọ́ wọn wà lórí ọwọ́ mi tí mo fi ń kà á.

Orí 15 la wà báyìí, ẹsẹ ogún ni òun náà. Àwọn ẹsẹ kan wà níbẹ̀ tí ìlà wọn gùn tó sílébù 11. Ìlà kan lóòjọ́ ni mò ń kọ́, Ba sì ń gbọ́ ọ kí omi ìwẹsẹ̀ tó tutù.