Ẹ wá "torí pé" inú rẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kankan ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti sọ "torí pé". Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Èkó. Òru ni àwọn èèyàn ń pe ara wọn pé kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Àwọn kan tó mu ún lámujù dèrò ilé ìwòsàn, àwọn mìíràn kú. Kí ni "torí pé" tiwọn? Wọ́n ní iyọ̀ kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́. Òótọ́ ni, ìyá mi náà máa ń fi iyọ̀ pa ẹja lára. Ṣùgbọ́n ẹja tó ti kú nìyẹn, inú abọ́ ló wà. Inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni kòkòrò Ebola ń gbé. Omi tí a dà sára kò lè dé ibẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ "dókítà kan ló sọ ọ́" nìkan lẹ rí, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Èmi a máa bi ẹni tó fi í ránṣẹ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?"