Bí Ìyá Ọlá ṣe di ẹni méjì nínú ìwé ẹgbẹ́ wa

₦85,000 ni ọmọkùnrin kan ní kí n san kó tó bá mi tún ètò kọ̀ǹpútà tí èmi fúnra mi fọwọ́ kọ kọ. Inú bí mi gan-an. 2015 ni mo kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wa níbí ní Kubwa, òun la sì fi ń ṣe ìṣirò owó látìgbà náà. Láptọ́ọ̀pù tí ètò náà wà nínú rẹ̀ ló kú nígbà ọyẹ́. Mo ra òmíràn, mo da gbogbo fáìlì sí i, ètò ní òun ò ṣiṣẹ́.

Python 2.7 ni mo fi kọ ọ́; Python jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Python 3 sì ti jáde láti oṣù Kejìlá 2008! Ṣùgbọ́n 2 ni ọ̀rẹ́ tó kọ́ mi ń lò, mo bá tẹ̀ lé e. Àwọn tó ni èdè náà ti kọ́kọ́ ní 2015 làwọn máa pa Python 2 tì, wọ́n wá fi ọdún márùn-ún kún un, nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2020, wọ́n jáwọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn: ọjọ́ yẹn wà ní gbangba nígbà tí mò ń yan èdè, mi ò wò ó.

Mi ò san ₦85,000 náà. Mo ro ti èdè Go, tí Google gbé jáde ní 2009. Mo ro ti èdè C náà, tó ti wà láti nǹkan bí 1972, tí ayé ṣì ń lò títí dòní. Ṣùgbọ́n Python ló mọ́ mi lọ́wọ́, mo bá mú 3. Àtúnṣe print, àṣẹ tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde sójú kọ̀ǹpútà, kò gbà mí lásìkò rárá. Pínpín nìkan ni mo fara balẹ̀ wò, torí 5/2 tó ń jẹ́ 2 tẹ́lẹ̀ ti di 2.5, owó olówó sì ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti parí ìyẹn.

Orúkọ ló wá dá mi dúró.

Lọ́jọ́ Sunday kan, àkápò wa pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, Ìyá Ọlá ń bínú o. Kọ̀ǹpútà yín ní ₦12,000 ni wọ́n ní, ₦40,000 ló sì wà nínú káàdì ọwọ́ wọn.” Mo ṣí i, mo rí Ìyá Ọlá lẹ́ẹ̀mejì: ₦12,000 níbì kan, ₦28,000 níbòmíràn. Mo wo orúkọ méjèèjì títí ojú fi ń ta mí. Lẹ́tà kan náà, àmì ìsàlẹ̀ kan náà, àmì ohùn kan náà.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi wá a. Mo tún ìṣirò ṣe, mo tún fáìlì dà, iná lọ, mo ra epo sí jẹnẹrétọ̀, mo tún jókòó. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin ni mo ní kí Python ka iye lẹ́tà tó wà nínú Ọlá. Ọ̀kan jẹ́ 3, èkejì jẹ́ 5.

Láti orí láptọ́ọ̀pù ni àwọn orúkọ àtijọ́ ti wá, Ọ wà níbẹ̀ ní odindi. Fóònù ni akọ̀wé tuntun fi ń tẹ tirẹ̀: O lọ́tọ̀, àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀; a lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Ojú èèyàn ò lè rí i, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ẹni méjì ni wọ́n. Python 2 tilẹ̀ burú jù: báìtì, ẹyọ kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, ló ń kà, 6 ni yóò pe Ọlá, mẹ́ta fún Ọ, ọ̀kan fún l, méjì fún á.

Ìlà kan péré, tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ló tán an:

orúkọ = unicodedata.normalize("NFC", orúkọ)

Mo fi í sẹ́nu ọ̀nà, kí orúkọ kankan tó wọlé. Ẹ sì wò ó dáadáa: “orúkọ” ni mo kọ síbẹ̀, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Python 2 ò ní gbà bẹ́ẹ̀ láé. Orí mi wú lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bó bá jẹ́ pé mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọjọ́ tí wọ́n máa pa èdè náà tì ni mo máa kọ́kọ́ wá, kí n tó béèrè ẹni tó máa kọ́ mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo sì máa fi Ṣadé, Ọlá àti Ẹniọlá dán an wò, kó tó kan owó ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ọlá ti rí ₦40,000 wọn lójú kan. Python 3.12 ni mò ń lò báyìí. Oṣù Kẹwàá 2028 ni tirẹ̀ máa parí, mo ti kọ ọ́ sára ògiri lókè tábìlì mi.