Bí mo ṣe fi àgékù sílípáàsì gbé eegun ẹsẹ̀ tó ń yẹ̀ ró

Owó tí àwọn tó ṣe ìtẹ́lẹ̀ bàtà oníke fún mi gbà lọ́wọ́ mi, ì bá ra bàtà gidi méjì, kó sì tún ṣẹ́kù. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi pẹrẹsẹ, pé ó yẹ kí wọ́n gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ ga. Ṣùgbọ́n oríkèé ẹsẹ̀ mi ló dẹ̀ jù, irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ lásán. Tí mo bá jókòó, kòtò rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo bá dìde ló ń rì. Ike líle tó ń ti etí inú ẹsẹ̀ sókè kàn ń da ìwúwo ara sí etí òde ni, ibẹ̀ gan-an sì ni eegun tó ń yẹ̀ wà.

Cuboid lorúkọ eegun náà nílé ìwòsàn. Ó wà níwájú gìgísẹ̀, lẹ́yìn eegun gígùn ìka kẹrin àti ìkarùn-ún. Okùn iṣan kan gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ẹsẹ̀ bá rọ́ sínú, okùn yìí lè fà á kúrò láyè rẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni, kì í yọ pátápátá, ìdí nìyẹn tí fọ́tò X-ray fi sábà máa ń mọ́, tí wọ́n á wá ní kò sí nǹkan tó ṣe yín. Kò sí nǹkan kẹ̀! Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ náà rìn mọ̀ pé ó dà bíi pé òkúta wà nínú bàtà, àti pé ìka ẹsẹ̀ kò ṣeé fi ti ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá lè rin ìgbésẹ̀ 4, tàbí tí ẹ bá tẹ kókó eegun tó yọ ní etí òde ẹsẹ̀ tó sì dùn yín gógó, ẹ lọ ya fọ́tò ná. Ó lè jẹ́ pé eegun ti kán.

Dídá eegun tó yẹ̀ padà sáyè rẹ̀ kì í pẹ́: fisiothẹrapísítì (oníṣègùn oríkèé àti iṣan) tó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ẹ má gbé e fún ẹni tó ń fi agbára to eegun, torí ohun tó so oríkèé pọ̀ ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀, fífà á á tún mú un dẹ̀ sí i. Kó dúró síbẹ̀ ni wàhálà.

Tìmùtìmù kékeré ló ń gbé e dúró. Fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀dì kò wúlò, ìwúwo ara á tẹ̀ ẹ́ pa. Rọ́bà sílípáàsì àtijọ́ ni mo lò, ó le díẹ̀, ó sì ń ta padà. Ẹ gé e ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 ní gígùn àti 2 ní fífẹ̀, ẹ fi abẹ fá a títí yóò fi ku mìlímítà 5, kí ẹ sì fi sáńpépà ha etí rẹ̀ kó lọ sílẹ̀ geere. Etí tó bá dúró gágá á máa gún ẹsẹ̀.

Ibi tí ẹ máa fi sí ló jẹ mí níyà. Ẹ fi ìka tọ etí òde ẹsẹ̀ láti ìka kékeré bọ̀ lẹ́yìn, ẹ ó bá kókó eegun kan ní nǹkan bí ìdajì. Ẹ̀yìn kókó yìí ni, kó wọ inú díẹ̀. Bó bá lọ síwájú, eegun ìka kékeré ló ń gbé, èyí tó yẹ kó gbé á sì tún rì sí i. Bó bá lọ sẹ́yìn, gìgísẹ̀ ló gbé. Wíwọ̀n ọ́n lórí ìjókòó kò sì jẹ́, torí ẹsẹ̀ tó dẹ̀ máa ń gùn sí i nígbà tí èèyàn bá dìde.

Lípsítíìkì ló yanjú ẹ̀. Ẹ fi kun abẹ́ ẹsẹ̀ níbi tí eegun wà, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà láìwọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ dìde dúró, kí ẹ wá yọ ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́. Àmì pupa á wà lórí ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un já sí abẹ́, abẹ́ yẹn ni kí ẹ lẹ tìmùtìmù mọ́. Tépù olójú méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, torí gọ́ọ̀mù ṣúmékà kò gba àtúnṣe. Inú mi dùn sí èyí ju bó ṣe yẹ lọ: ẹni tó gba owó gegere lọ́wọ́ mi kò fọwọ́ kan eegun ọ̀hún rí, ẹ̀rọ ni wọ́n ní kí n tẹ̀.

Fún ìgbà tí eegun náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀, tépù funfun líle tí àwọn eléré ìdárayá fi ń di oríkèé, èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3.8, ni. Ẹ kọ́kọ́ fi èyí tó rọ̀ tẹ́ ara, torí awọ àwa tí oríkèé wa dẹ̀ jù sábà máa ń tètè bó. Ẹ fa tépù gba abẹ́ ẹsẹ̀ láti òde wá sínú, ẹ má yí i ká ẹsẹ̀ pátápátá. Ẹ tẹ èékánná ìka ẹsẹ̀ ńlá, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, ó ti fún jù. Òróró ni kí ẹ fi tú u.

Eré ìmárale? Ẹ sún ìdí ìka ẹsẹ̀ súnmọ́ gìgísẹ̀ láìká ìka kò. Ẹ má na ẹsẹ̀ kọjá ààlà, bó ti wù kó le tó.

Bàtà tó ṣeé lọ́ bí aṣọ kò lè gbé tìmùtìmù kankan dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, iwájú nìkan ni kó máa tẹ̀, kí ó ní okùn, kí ẹ sì dè é.