Bí mo ṣe tú àwọn bóòtù tó takú lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì Camry kan

Camry tiny light ọdún 1998 ni mọ́tò náà, ẹ́ńjìnnì 2.2. Alhaja kan tó ti ń gbé mọ́tò wá sọ́dọ̀ mi láti ọjọ́ pípẹ́ ló ni ín. Tí wọ́n bá dá a dúró lójú iná, ẹ́ńjìnnì á máa ké sókè, á tún máa rọlẹ̀ bíi pé ó fẹ́ kú, "check engine" náà kò sì yé tàn. Mo fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, kóòdù P0171 ló gbé jáde: atẹ́gùn tó ń wọlé pọ̀ ju epo lọ. Mo fọ́n carb cleaner sí ẹ̀gbẹ́ intake manifold, ìyẹn páìpù tó ń pín atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì, ìró ẹ́ńjìnnì yí padà lójú ẹsẹ̀: atẹ́gùn ń jò wọlé níbẹ̀ nìyẹn. Mo na dígí kékeré àti tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀, mo sì rí i pé manifold ti là. Ẹnì kan ti fi gọ́ọ̀mù dí i tẹ́lẹ̀, gọ́ọ̀mù náà sì ti gbó.

Pípààrọ̀ manifold kì í ṣe iṣẹ́ tó le. Mo rí tòkunbọ̀ kan tó dára rà ní Araròmí, ní Agódi Gate. Mo fi rúlà irin tẹ́ ojú rẹ̀ wò kí n tó sanwó, torí èyí tí ojú rẹ̀ bá ti wọ́ kò ní bo atẹ́gùn mọ́lẹ̀ láéláé. Àwọn bóòtù ló ń kọ mí lóminú. Sítíkà ọ́ìlì tó wà lójú gíláàsì mọ́tò yìí ṣì ń sọ pé Ohio ló ti wá. Iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú títì níbẹ̀ nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn sì máa ń bá mọ́tò rékọjá òkun wá sọ́dọ̀ wa. Lábẹ́ mọ́tò, gbogbo irin ló ti dógùn-ún.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì rò pé ìpáàrà pupa tó wà lórí bóòtù ló mú un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ni bóòtù, alumíníọ̀mù ni top cylinder, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, tó wọ̀ sí. Tí omi iyọ̀ bá wà láàárín àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù ló ń jẹ, ìyẹ̀fun funfun tó ń ti ara rẹ̀ jáde sì ń gba àyè ju bí alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ ṣe gbà á lọ. Ihò yẹn kò ní àyè kankan láti fún un, ni ó bá ká bóòtù mọ́. Inú ihò ni ìjà wà, kì í ṣe lórí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo tú okùn bátìrì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ orí àwọn bóòtù náà, mo sì fi oróró sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì gíà ọ́tò àti acetone ni mo pò pọ̀, ìdajì-ìdajì. Acetone yẹn náà ni àwọn tó ń ṣe èékánná fi ń pa ọ̀dà rẹ́. Ó máa ń wọ inú tóóró dáadáa, àmọ́ ó ń gbiná kíákíá, ẹ má fi síbi tí sìgá wà. Mo fi òòlù kékeré lu orí bóòtù kọ̀ọ̀kan, lílù tó ṣe gírí ṣùgbọ́n tí kò le, kí oróró lè ráyè sọ̀kalẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Lówùúrọ̀, lẹ́yìn tí a ti tú ọ̀nà epo, páìpù omi tó lọ sí ara throttle (ẹnu tí atẹ́gùn ń gbà wọlé), waya àti àwọn irin tó gbé manifold dúró nísàlẹ̀, mo mú sọ́kẹ́ẹ̀tì 12, onígun mẹ́fà. Onígun méjìlá kò dára fún bóòtù tó ti jẹ. Etí rẹ̀ ló máa ń bó. Mo fi òòlù gbá a wọlé kó jókòó dáadáa. Kí n tó tú bóòtù, mo kọ́kọ́ dì í díẹ̀ sí i, ìdí ẹ̀ ni pé dídì yẹn máa ń fọ́ ìyẹ̀fun inú ihò. Tó bá ti yí díẹ̀, mo dá a padà, mo tún fọ́n oróró, mo tún tú u. Bí ó bá ti ń ké, mo dúró.

Àwọn tòkè jáde báyẹn. Ìsàlẹ̀ takú. Ọmọṣẹ́ mi bá ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n fi páìpù gùn sípánà yìí."

Mo ní, "Gbé páìpù yẹn sílẹ̀ jọ̀ọ́."

Bíi 20 Nm (òṣùwọ̀n agbára dídì) ni wọ́n fi ń di bóòtù M8, ìyẹn èyí tó nípọn mílímítà mẹ́jọ, nínú alumíníọ̀mù. Ẹni tó bá fi páìpù gùn sípánà lè fi ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn fà á láìmọ̀, bóòtù á sì já. Ọwọ́ ló ń sọ fún ni. Èyí tó fẹ́ tú máa ń dún "kà!" lẹ́ẹ̀kan, á sì rọ̀. Èyí tó fẹ́ já kì í dún. Orí rẹ̀ ń yí, ó ń rọ̀ bíi rọ́bà, kò sì jáde. Tí o bá ti gbọ́ ọ lọ́wọ́ báyẹn, dáwọ́ dúró.

Ìgbà náà ni mo lọ yá iná gáàsì kékeré lọ́wọ́ oní-fíríìjì tó wà níwájú wa, èyí tí wọ́n fi ń jó páìpù kọ́pà. A ti gbé ọ̀nà epo jìnnà, mo nu gbogbo oróró kúrò, mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ síbẹ̀, yanrìn inú gáálọ̀nù sì wà nítòsí. Ara alumíníọ̀mù tó yí bóòtù ká ni mo darí iná sí, kì í ṣe orí bóòtù. Ooru máa ń mú alumíníọ̀mù fẹ̀ tó ìlọ́po méjì bí ó ṣe ń mú irin fẹ̀, torí náà ihò á ṣí, bóòtù á rí àyè. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: alumíníọ̀mù kì í pọ́n bí irin kó tó yọ́. Mo ń fi ìka ta omi sí i. Tí omi bá ti fò tó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀, ó ti tó. Mo wá fi àbẹ́là kan ìdí bóòtù, ìda yọ́ ó sì fà wọlé fúnra rẹ̀. Ọ̀kan dún "kà!" báyẹn, òmíràn tẹ̀ lé e. Èyí tí orí rẹ̀ ti jẹ kù díẹ̀, mo fi òòlù gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì 7/16 sí i lórí, ó dì í mú pinpin.

Èyí tó kẹ́yìn já. Kò yà mí lẹ́nu, ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Nígbà tí manifold kúrò, kùkùté rẹ̀ yọ síta díẹ̀, ìyẹn sì ni àǹfààní wa. Ọmọṣẹ́ mi ti ń wá easy-out, irin tí wọ́n ń kì bọ inú bóòtù tó já láti fi yí i jáde. Èmi ò fẹ́ràn easy-out fún irú èyí rárá: ó le ju bóòtù lọ, tó bá já sínú ihò, dírílì lásán kò ní jẹ ẹ́. Mo fi àkísà dí ẹnu àwọn ihò atẹ́gùn, mo gbé bátìrì kúrò, mo yọ ẹnu waya brain box (kọ̀ǹpútà mọ́tò) kí iná wẹ́ẹ̀dì má bàa bà á jẹ́, mo sì ránṣẹ́ pe wẹ́dà.

"Bàbá, ẹ bá mi fi nọ́ọ̀tì lé kùkùté yìí lórí."

Ó fi nọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́, ó wẹ́ẹ̀dì láti inú ihò nọ́ọ̀tì títí tí ó fi kún. Irin wẹ́ẹ̀dì kì í mú alumíníọ̀mù, nítorí náà top cylinder kò fara pa, ooru wẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ sì ti ṣe ìdajì iṣẹ́. A dúró kí pípọ́n rẹ̀ lọ, mo fi àbẹ́là kàn án, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i síwá-sẹ́yìn. Ó jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun tó bo gbogbo ara rẹ̀. Mo fi han ọmọṣẹ́ mi kó lè rí ohun tó ń bá a jà.

Ìyókù yá. Mo fi tap M8 × 1.25, irin tó ń gé eyín sínú ihò bóòtù, fọ inú àwọn ihò, mo fi atẹ́gùn fẹ́ wọn, mo ha gásíkẹ̀ẹ́tì àtijọ́ kúrò pẹ̀lú pátákó, a sì ka àkísà náà kí ọ̀kan má bàa kù sínú. Bóòtù tuntun ni mo lò, mo fi anti-seize díẹ̀, ìpara tí kì í jẹ́ kí bóòtù takú, pa wọ́n lára, mo sì dín torque, ìyẹn agbára dídì, kù díẹ̀ nítorí rẹ̀, torí ohun tó bá ń yọ̀ máa ń dì ju bí aago torque wrench (sípánà tó ń wọn agbára dídì) ṣe sọ lọ. Àárín ni mo ti bẹ̀rẹ̀ dídì, mo ń lọ sí etí méjèèjì, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì jókòó jẹ́ẹ́. Mo fọ́n carb cleaner yí gbogbo rẹ̀ ká, ìró rẹ̀ kò yí padà. Mo pa P0171 rẹ́, mo sì ní kí Alhaja gbé e padà wá lẹ́yìn tó bá ti rìn díẹ̀ kí n lè fi torque wrench yẹ àwọn bóòtù wò. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n béèrè bóyá kí n kúkú bá wọn tú apá manifold èéfín náà, ó ti ń dún fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Mo wo bóòtù ibẹ̀, mo ní, "Alhaja, ẹ jẹ́ ká máa fi oróró sí i ná."