Bí mo ṣe lọ sí Rio, tí mo padà sí São Paulo lọ́jọ́ kan náà

Ìpàdé wákàtí méjì péré ló gbé mi láti São Paulo lọ sí Rio. Bọ́ọ̀sì á gbà tó wákàtí mẹ́fà, nítorí náà mo wọ bàálù tí àwọn ará Brazil ń pè ní Ponte Aérea, ìyẹn afárá òfurufú.

Nígbà tí mo ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, orúkọ pápákọ̀ ni mo kọ́kọ́ wò dáadáa. Guarulhos ní São Paulo àti Galeão ní Rio jìnnà sí àárín ìlú. Congonhas ní São Paulo àti Santos Dumont ní Rio ni afárá náà so pọ̀. Ẹni tó bá lọ mú Guarulhos torí pé owó rẹ̀ fi díẹ̀ dín, inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni yóò ti jẹ èrè náà tán. Mi ò gbé ju báàgì kékeré kan lọ, ìwé ìwọkọ̀ mi sì ti wà lórí fóònù láti alẹ́ àná. Kíá ni mo kọjá ibi àyẹ̀wò.

Ibi ìdúródè lọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Ìkùukùu ti bo Santos Dumont. Ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà sí níbẹ̀ kò gùn ju mítà 1,323 lọ, omi ló yí i ká, òkè Pão de Açúcar tó ga tó mítà 396 sì dúró gàgàrà nítòsí. Awakọ̀ tí kò bá ríran kò ní dán an wò.

Nígbà tí ojú ọjọ́ là, ilé iṣẹ́ bàálù mìíràn ló kọ́kọ́ pe èrò. Àyè ṣì wà nínú tiwọn, ni mo bá lọ bẹ̀ wọ́n. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín: “Ẹ má bínú, tíkẹ́ẹ̀tì yín kì í ṣe tiwa.” Bàbá àgbà kan tó jókòó tì mí kàn mi orí. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, òótọ́ ló sì sọ. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ bàálù Varig, VASP àti Cruzeiro bẹ̀rẹ̀ afárá yìí lọ́dún 1959, èyí tó bá kàn lèrò ń wọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì yòówù kó mú dání. Bàálù Electra tí wọ́n lò títí di 1992 ni bàbá fẹ́ràn jù. Ó ní àga ẹ̀yìn rẹ̀ dà bíi pálọ̀.

A ò lò tó wákàtí kan lókè. Mi ò tíì mu omi tí wọ́n fún mi tán tí wọ́n fi ní ká di bẹ́líìtì. Omi nìkan ni mò ń rí lójú fèrèsé, àfi gbì! táyà ti kanlẹ̀, bíréèkì sì taari gbogbo wa síwájú.

Fún àbọ̀, mo ti yẹra fún ọkọ̀ tó kẹ́yìn, torí aago mọ́kànlá alẹ́ ni Congonhas ń tì. Àṣé ìpàdé á tètè parí. Mo fẹ́ pààrọ̀ sí bàálù tó yá, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n bù lé mi ju iye tí mo ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Mo kúkú jókòó. Bàálù mẹ́rin ló gbéra lọ sí São Paulo lójú mi kí wọ́n tó pe tèmi.