Mo fún fáìlì pọ̀, dísíìkì ò sì dín

Ilé-iṣẹ́ tí mo ti háyà sáfà ló fa gbogbo èyí. Wọ́n ní dísíìkì mi ti kún, kí n fowó kún owó lóṣooṣù, dọ́là sì ni wọ́n ń gbà. Dọ́là, nítorí fáìlì log (àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe) tí ẹnì kankan kì í kà! Mo ní ó tì o, síkírípìtì ló máa yanjú ẹ̀.

Ìlà kan ti tó láti wá àwọn fáìlì tó ti pẹ́ (find), kó sì fún wọn pọ̀ (gzip):

find /srv/app/log -type f -name '*.log' -mtime +7 -exec gzip {} +

Ẹ rántí pé +7 yẹn, ọjọ́ 8 ó kéré tán ni, torí find kì í ka ààbọ̀ ọjọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kọ for f in $(ls), ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Bí àlàfo bá wà nínú orúkọ fáìlì, shell (ètò tó ń ka àṣẹ tẹ́ ẹ bá tẹ̀) á gé e sí méjì, gzip á ní òun ò rí i. Ti cron, tó ń mú àṣẹ ṣiṣẹ́ lákòókò tẹ́ ẹ bá yàn, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ibi tó bí mi nínú rèé. Error.log ló tóbi jù, gígábáìtì 14, ètò ṣì ń kọ̀wé sínú rẹ̀, nítorí náà -mtime ò lè mú un. Mo fi gzip fún òun náà pọ̀. Ls, tó ń to fáìlì, ní ó ti di mẹ́gábáìtì 900; du, tó ń ṣírò ìwọ̀n fáìlì, gbà bẹ́ẹ̀. Df, tó ń wo ààyè tó kù lórí dísíìkì, ní irọ́ ni: dísíìkì kún bámúbámú, ó tún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!

Gzip kì í fún fáìlì pọ̀ lójú ibi tó wà. Ó máa ń kọ .gz tuntun, á wá pa orúkọ ti àtijọ́ rẹ́. Orúkọ nìkan ló pa rẹ́ o. Níwọ̀n ìgbà tí ètò náà bá ṣì ṣí fáìlì yẹn sílẹ̀, kernel (ọkàn Linux) ò ní dá ààyè rẹ̀ padà, ohun tí ètò ń kọ á sì máa lọ sínú fáìlì tí kò lórúkọ mọ́. Ẹ lo lsof +L1, tó ń to irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí i níbẹ̀ pẹ̀lú "(deleted)", PID (nọ́ńbà ètò náà) àti FD (nọ́ńbà fáìlì tó ṣí sílẹ̀). Bí PID bá jẹ́ 2210, tí FD jẹ́ 5, àṣẹ yìí á sọ fáìlì náà dòfo:

: > /proc/2210/fd/5

Ojú ẹsẹ̀ ni df já sí 41%. Ẹ wo ọ̀nà! N ò tiẹ̀ tún ètò náà bẹ̀rẹ̀.

Fún nginx (ètò sáfà wẹ́ẹ̀bù), mv, ìyẹn yíyí orúkọ log padà, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà nginx -s reopen, kí gzip tó kàn. Bí ètò yín ò bá mọ bí a ṣe ń tún log ṣí, ẹ lo gzip -c error.log > /mnt/b/error.log.gz && : > error.log. Dísíìkì mìíràn ni /mnt/b, torí .gz náà nílò ààyè kí ti àtijọ́ tó kúrò. Ìlà tó bá wọlé láàárín àṣẹ méjèèjì á sọnù.

Ká ní mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, logrotate (ètò tó ń yí log fúnra rẹ̀, ìyẹn kó pa ti àtijọ́ tì, kí tuntun bẹ̀rẹ̀) pẹ̀lú delaycompress ni màá lò: ó máa ń fi log tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí sílẹ̀ títí di ìyíká tó tẹ̀ lé e kó tó fún un pọ̀. Fódà àwòrán ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. JPEG àti MP4 ti fún pọ̀ látilẹ̀, gzip á kàn máa jẹ CPU yín lásán ni.