Ohun Tí Kò Yẹ Kí A Ṣe Bí Ilé-Ìkàwé Òkè Òkun Bá Fẹ́ Bá Wa Ṣiṣẹ́ Pọ̀

Páálí ìwé 41 ló balẹ̀ sẹ́yìn ilé-ìkàwé wa ní Adó-Èkìtì. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi sáré owó tí a fi kó wọn kúrò ní èbúté Àpápá. Mo fi ọ̀bẹ la èyí àkọ́kọ́, mo bá ìwé òfin owó-orí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà nínú rẹ̀, ti ọdún 1988. Páálí kejì, bí a ṣe ń lo Windows 95. Ẹ̀kẹta, bí a ṣe ń tọ́jú òdòdó lásìkò yìnyín. Òǹtẹ̀ pupa wà lójú ewé àkọ́kọ́ wọn: ilé-ìkàwé tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ti yọ wọ́n kúrò lórí àtẹ. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó, mo kọ lẹ́tà ọpẹ́. Nígbà tí ọdún yí po, irú páálí bẹ́ẹ̀ tún dé.

Lẹ́tà yẹn ni àṣìṣe tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi yẹra fún jù. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, àwa ará Ilé Iyì, Ilé Ẹ̀yẹ kì í sì í fi ọpẹ́ ṣeré. Ẹ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà kan náà, ẹ sọ iye ìwé tó wúlò àti iye tí kò wúlò. Obìnrin tó ń kó ìwé ránṣẹ́ sí wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rò pé inú wa ń dùn ni, torí ohun tí mo kọ sí i nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo ṣe ọkàn gírí sọ òtítọ́ fún un, ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Kí lẹ ń fẹ́ gan-an?" N kò rí èsì fọ̀. A kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ rí.

Nítorí náà, kí wọ́n tó béèrè, ẹ ti ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́: ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ń kọ́, ẹ̀dà mélòó, ìwé ọdún wo lẹ kò ní gbà. Ìwé ìtọ́jú aláìsàn tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, a kì í gbà á mọ́, torí nọ́ọ̀sì tó bá kà á lè ti ibẹ̀ ṣi oògùn lò fún ènìyàn. Ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á bínú; àwọn tó ń fúnni ní ìwé gidi wà. Book Aid International ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ti wà láti 1954, ìwé tuntun tí àwọn ilé ìtẹ̀wé yọ̀ǹda ni wọ́n ń kó ránṣẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹrù gbéra kí ẹ tó fẹnu kò lórí ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Àdéhùn Florence tí UNESCO ṣe ní 1950 mú owó aṣọ́bodè kúrò lórí ìwé láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò kan owó ìkẹ́rùsí ní èbúté, kò sì kan owó ọkọ̀ láti Èkó dé Èkìtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ: iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì 120, tiwa jẹ́ 230. Sikánà tí wọ́n fún wa kò pé ìṣẹ́jú kan lórí iná tí òórùn rọ́bà jíjóná fi gba yàrá.

Ẹ má rò pé ohun ọ̀fẹ́ kò lówó nínú. Koha, ètò kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé tí wọ́n ṣe ní New Zealand, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2000, ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Ẹ̀bùn ni orúkọ náà túmọ̀ sí lédè Maori. Ẹ̀bùn tó ń jẹun ni. Ó ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ olùtọ́jú. Ní tiwa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ó jápa lọ sí Kánádà, kátálọ́ọ̀gù wa, àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé tí a ní, sì wà ní títì fún oṣù márùn-ún. Òun kọ́ ni wọ́n tilẹ̀ rán lọ gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun; ọ̀gá kan tó ku oṣù mẹ́rin kí wọ́n fẹ̀yìntì ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ ni kí ẹ rán, kí wọ́n sì jẹ́ méjì.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé a máa ń wọ ìpàdé bí alágbe tó gbé igbá dání. Nígbà tí wọ́n ń bá wa to kátálọ́ọ̀gù, wọ́n ní kí a yọ àmì ohùn kúrò kó lè rọrùn. A gbà, a kò jiyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ìwé nípa ọkọ̀ bá bá oko, ọkọ àti ọkọ́ nínú àgbájọ kan náà. Nínú ètò Dewey, tí ilé-ìkàwé fi ń fún ìwé ní nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bí ohun tó dá lé, láti 220 dé 289 jẹ́ ti Bíbélì àti ẹ̀sìn Kristẹni, gbogbo ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Áfíríkà sì há sábẹ́ 299.6. Ta ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ibi tó yẹ kí Ifá wà, bí kì í bá ṣe àwa?

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi àwòrán ojú ewé ìwé Yorùbá àtijọ́ kan ránṣẹ́ pé kí a bá wọn yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò. Níbi orúkọ òǹkọ̀wé, "Keji, Iwe" ni wọ́n kọ. Wọ́n ti fi Ìwé Kejì ṣe orúkọ ènìyàn. Màmá kan tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkọ̀lé bá wa jókòó tì í. Màmá náà fi ìka tọ́ka sí orúkọ òǹkọ̀wé nísàlẹ̀ ewé, wọ́n sì ní orin tó wà níbẹ̀, ohùn Èkìtì ni, kì í ṣe ti Ọ̀yọ́. A kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi àwòrán ìwé Yorùbá tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn hàn wá kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú kátálọ́ọ̀gù.